Ta Ló Ń Jẹ Agbára Ẹ̀rọ Yìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe nílùú Èkó yìí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kọṣẹ́, tòde la kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. A ó ní àwọn oníná ló mú iná lọ, tàbí kí a ní olè kan láti òkèèrè ló wọlé, tàbí pé okùn abẹ́ òkun ló já. Lóòótọ́, tòde náà ń pa ni nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, báńkì ń wá ọ̀nà, oníṣòwò ń wá ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ikú ilé ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lóṣù yìí. Iná wà, okùn kò já, olè kò wọlé, síbẹ̀ sáfà dákú. Ọmọ inú ilé ló dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ sáfà, kọ̀ǹpútà ni bíi ti orí tábìlì yín, àfi pé kì í sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sójú kan, kó máa dá gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn lóhùn. Òbí kan ní Ire-Akari níbí tẹ fóònù láti wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà kan ní Aswani fẹ́ mọ̀ bóyá owó oníbàárà ti wọlé. Sáfà kan níbì kan ló ń dá wọn lóhùn. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá dé, sáfà á rán ọ̀kan nínú àwọn tí ń bẹ nílé pé, “Ìwọ, lọ gbọ́ ti ẹni yẹn.” Ẹni tó rán yìí ni àwọn oyinbo ń pè ní process. Èmi yóò máa pè é ní ọmọ iṣẹ́, nítorí bí ọmọ iṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló rí. Ó ní ọ̀gá tó rán an, ó ní àyè tó gbà nílẹ̀, bó bá sì parí, ó yẹ kó jábọ̀, kó dìde fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan bá kọ̀ tí kò parí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó rán etí aṣọ yípo. Ó rán an yípo tán, kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún ń rán an yípo lọ. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń rán an. Òun nìkan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí gbogbo ilé jọ ń lò, àwọn oníbàárà sì tò síta. Kò jalè, kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an náà ló ń ṣe! Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti mú.

Ìtàn bí àìsàn yìí ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà gùn, ṣùgbọ́n ó tọ́ ká gbọ́ ọ. Láyé ọdún 1950 sí 1959, iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí tìrẹ bá ń lọ lọ́wọ́, èmi á dúró. Bí tìrẹ bá ya wèrè, gbogbo wa la máa mọ̀ ọ́, nítorí tìrẹ nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà fi ọgbọ́n tuntun kan han aráyé. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹ̀rọ á fún ẹni kìíní ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, á yí sí ẹnì kejì, á yí sí ẹnì kẹta, á tún padà sọ́dọ̀ ẹni kìíní kí ó tó ṣẹ́jú. Oníkálukú á rò pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tó yẹ irú nǹkan báyìí: ire akárí ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ire bá ti ń kárí, ibẹ̀ náà ni ìyà ti ń kárí. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ iṣẹ́ ẹnì kan ti lè jẹ oúnjẹ gbogbo ilé.

Nǹkan bí ọdún 1963, àwọn ará MIT yìí kan náà fún irú ọmọ iṣẹ́ kan lórúkọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì, ni wọ́n pè ní daemon. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè sọ pé bìlísì ni wọ́n ń bọ, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀kọ́ físíìsì ni wọ́n ti mú un, láti ara ẹ̀dá àfinúrò kan tí onímọ̀ James Clerk Maxwell fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ooru, ẹ̀dá tí kì í sinmi, tó ń ya nǹkan sọ́tọ̀ tọ̀sán-tòru. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká sọ pé ànjọ̀nnú tó gbọ́ràn ni. Sáfà ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni.

Lọ́dún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Unix ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs. Ètò yìí ni baba ńlá èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú sáfà ayé òní, títí kan Linux tí Linus Torvalds ará Finland gbé jáde lọ́dún 1991. Ohun tó wù mí nínú Unix ni pé àbùjá kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ní nọ́ńbà, gbogbo wọn ló sì ní òbí tí a mọ̀. Bí òbí bá kú, ọmọ kò ní di ọmọ ìgboro. Baálé ilé, ẹni tó ń jẹ́ nọ́ńbà kìíní, ni yóò gbà á tọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kú, ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ kò yọjú wá gba ìròyìn ikú rẹ̀, orúkọ òkú náà kò ní kúrò nínú ìwé. Zombie ni wọ́n ń pe irú èyí. Ẹ kò lè pa á, ṣebí ó ti kú! Òbí rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá wí.

Àwọn ará Unix ṣe irinṣẹ́ méjì tí a ò tíì fi sílẹ̀ títí dòní. Ọ̀kan ń jẹ́ ps, òun ló ń ka orúkọ gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà nílé. Èkejì ń jẹ́ kill. Orúkọ náà dẹ́rù bani, àmọ́ ìránṣẹ́ ni. Ìránṣẹ́ nọ́ńbà 15 jẹ́ onípẹ̀lẹ́: jọ̀ọ́, palẹ̀ mọ́, parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, máa lọ. Nọ́ńbà 9 ni ti ẹni tí kò gbọ́ ti àgbà, kò sí àyè àròyé níbẹ̀. Lọ́dún 1984, William LeFebvre kọ irinṣẹ́ kẹta tó ń jẹ́ top. Top ń to àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó ń jẹun jù ni yóò fi sókè, á sì máa tún un tò bí nǹkan ṣe ń yí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tọ́jú sáfà tó tẹjú mọ́ iwe nọ́ńbà dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà, tó ń mi orí, top ló ń wò.

Ẹ gbọ́ ìtàn méjì nínú èyí tó kọ́ aráyé lọ́gbọ́n. Ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, John Shoch àti Jon Hupp kọ ètò kan tí wọ́n pè ní kòkòrò, ìyẹn worm. Èrò wọn dára. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, kí kòkòrò náà máa wá kọ̀ǹpútà tó wà láìríṣẹ́ṣe, kó máa fi ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n fi kékeré kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ díẹ̀, wọ́n lọ sùn. Nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti dákú. Bí wọ́n bá tan ọ̀kan padà, kòkòrò á tún wọ inú rẹ̀, á tún dá a kú. Yàrá mìíràn wà tí wọ́n tì pa, wọn ò lè wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìdádúró kan pamọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sórí wáyà, gbogbo kòkòrò náà sì dákẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 100 ẹ̀rọ ló ti sùn kalẹ̀ káàkiri ilé náà. Wọ́n kọ ọ́ síta fún aráyé kà lọ́dún 1982.

Ìtàn kejì kò ní ọ̀rọ̀ ìdádúró. Ní ọjọ́ 2, oṣù kọkànlá, ọdún 1988, Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Cornell tí kò tíì pé ọmọ ọdún 23, tú kòkòrò tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò náà á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé ṣé èkejì òun ti wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kó yí padà. Ṣùgbọ́n Morris bẹ̀rù pé àwọn ọlọ́gbọ́n á máa parọ́ fún un, ó wá ní kó kọtí ikún sí ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan nínú méje. Ó rò pé ọ̀kan nínú méje kéré. Kò kéré rárá! Kòkòrò ń wọlé tẹ̀ lé kòkòrò, ọmọ iṣẹ́ ń gun orí ọmọ iṣẹ́, títí àwọn ẹ̀rọ ńlá ní Berkeley, MIT àti Purdue kò fi lè ṣe nǹkan kan mọ́. Nǹkan bí 6,000 kọ̀ǹpútà ni wọ́n fojú bù pé ó mú, nígbà tí gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ìwé ránṣẹ́ láti sọ bí wọ́n ṣe lè dá a dúró, àmọ́ ọ̀nà ti dí, ìwé náà kò tètè dé. Lọ́dún 1990 ilé-ẹjọ́ dá Morris lẹ́bi. Wọ́n fi sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó fi wákàtí 400 sin ìlú, kó sì san 10,050 dọ́là. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT.

Ayé ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ wá kárí ilé gbogbo. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní CERN ní ilẹ̀ Switzerland lápá ìparí ọdún 1990, ó fi gègé pupa kọ̀wé mọ́ ẹ̀rọ náà lára pé sáfà ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ojúewé tó jókòó jẹ́ẹ́ ló ń fún èrò kà nígbà náà. Lọ́dún 1993 ni wọ́n ṣe ọgbọ́n tó ń jẹ́ CGI, tí sáfà fi lè máa rán ọmọ iṣẹ́ tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: lọ wá èsì, lọ ṣírò owó. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dorú. Oníbàárà lè sú, kó pa fóònù rẹ̀, kó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n rán lè má mọ̀ pé ẹni tó rán òun níṣẹ́ ti lọ. Á ṣì máa wá, á ṣì máa ṣírò. Ìdí nìyí tí PHP, èdè tí Rasmus Lerdorf gbé jáde lọ́dún 1995, fi ní òfin pé bí iṣẹ́ kan bá ti kọjá 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí wọ́n já a sílẹ̀, àfi bí olówó rẹ̀ bá yí òfin náà padà.

Ẹ má sì rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń bọ́ sínú kòtò yìí. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2016, Stack Overflow, ibi tí àwọn akọ̀wé kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 34. Kí ló fà á? Ẹnì kan fi nǹkan bí 20,000 àlàfo òfìfo sínú ọ̀rọ̀ tó kọ. Ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó gé àlàfo náà kúrò ń kà á, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń kà á. Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 2019, ó kan Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó dúró bíi máígáàdì síwájú àìmọye ojúewé lágbàáyé. Aago 2:42 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Wọ́n ti gbé òfin tuntun kan jáde tí yóò máa dá olè mọ̀, gbogbo ibi ni wọ́n sì gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà mú kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa padà sẹ́yìn láìlópin bí àwọn ti Stack Overflow. Lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ gbogbo sáfà wọn káyé kún dẹ́nu. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ọ̀tá ló kọlù wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ yàrá ìdarí tiwọn láti tún un ṣe, ilẹ̀kùn tiwọn náà há, nítorí abẹ́ máígáàdì yẹn kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ìṣẹ́jú 27 ló gbà. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ìjánu kan ti wà tẹ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òfin kan jẹ agbára jù, wọ́n ṣèèṣì yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Kí ló kàn wá ní Ìsọlọ̀ nínú èyí?” Ó kàn wá gan-an, ó sì kan àpò wa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré nílùú yìí ló ń háyà sáfà lókè òkun, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé ìdajì, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 1,500. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi sáfà háyà sì ní ètò kan, pé bí sáfà kan bá kún, kí wọ́n fi òmíràn kún un fúnra wọn. Ètò náà dára bó bá jẹ́ pé èrò ló pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ kan ló ya wèrè ńkọ́? Wèrè kan ló ń jẹun, ẹ wá ń se oúnjẹ kún un, dọ́là ń ka ara rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ fi ọwọ́ mú. Gósíló méjì ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣòdì kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó tú ibẹ̀ ká ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹ mọ ti èrò: ọkọ̀ pọ̀, ọjà wà lójú títì, oníkálukú ló ní ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun wọ́n, tí gbogbo ìlú sì sáré sídìí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Irú èyí, ẹ la ọ̀nà sí i. Ṣùgbọ́n gósíló kejì ni ti tírélà kan ṣoṣo tó dábùú ojú ọ̀nà lóru, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn, tí kò lọ síwájú, tí kò padà sẹ́yìn. Bí ẹ la ọ̀nà mẹ́wàá, tírélà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mú un? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń wo iye ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí ìlà. Bí ẹ̀rọ bá ní ọpọlọ mẹ́rin, tí mẹ́rin wà lórí ìlà, ó kún, kò tíì bàjẹ́. Bí 40 bá wà, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí top, wọ́n á wo ẹni tó ń jẹun jù, iye ìgbà tó ti ń jẹ ẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín, àti òbí tó bí i. Wọ́n á wo ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìwé náà ló máa sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Gbogbo èyí ni wọ́n á kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi nọ́ńbà 15 ránṣẹ́ sí i. Bó bá di kàǹńpá ni wọ́n á tó lo 9, nítorí ẹni tí wọ́n fi 9 pa lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlàjì.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe? Ẹ pa á, ẹ tún un tàn! Bí a ti ń ṣe jẹnẹrétọ̀ náà la ń ṣe sáfà. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó gbà, torí ara ẹ̀rọ á balẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àmì tó yẹ ká fi mú ọ̀daràn ti pòórá, òbí tó rán ọmọ yẹn níṣẹ́ ṣì wà nílé, á sì tún un rán. Àbíkú ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà kì í ṣe tiyín rárá. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn olè ti ń fi ọmọ iṣẹ́ tiwọn pamọ́ sínú sáfà onísáfà, kó máa wa owó kírípítò fún wọn. Ẹ bá pa á láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti jí, nítorí wọ́n ti fi aago kan pamọ́ síbi tí yóò ti máa jí i. Ẹni tí kò wá òbí rẹ̀ yóò máa sin àbíkú yìí lójoojúmọ́, òun náà ni yóò sì máa san owó ìsìnkú.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ẹ fún ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n oúnjẹ àti àkókò tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú Linux, láti ọdún 2008 tí ètò cgroups ti wọ inú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má ṣe gbé nǹkan tuntun lọ sórí gbogbo sáfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi ọ̀kan dán an wò ná. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdádúró pamọ́ bíi ti Shoch àti Hupp, síbi tí kò ní há mọ́ inú ilé nígbà tí ilé bá há. Bí ẹ bá sì gba ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan síṣẹ́ pé kó máa tọ́jú sáfà yín, ẹ má ṣe pariwo lé e lórí nígbà tó bá ń wo nọ́ńbà láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Òbí ọmọ iṣẹ́ yẹn ló ń wá. Iye ìṣẹ́jú tó fi ń wá a lónìí, ẹ̀yin lẹ máa jèrè rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ìwé owó dọ́là bá dé.